Ahọ́n tí Ẹ́ńjìnnì Tíṣà Gbójú Lé

Mẹ́káníìkì kò wọ́n ní Ìlaró. Ti ọ̀kadà wà, ti mọ́tò wà, ti jẹnẹrétọ̀ wà. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kò mọ̀ ju kí wọ́n tú nǹkan palẹ̀ lọ, tí wọ́n á ní kí o padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ẹ bá mi wá ẹyọ kan tó ń fi ahọ́n ṣiṣẹ́. Husain Akínladé nìkan ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Husain wà lójú ọ̀nà Ọjà Ọ̀dàn, lábẹ́ igi máńgòrò kan. Ẹ́ńjìnnì tó ń mu dísù ló mọ̀ ọ́n tún ṣe: ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé tiwọn wá bá a láti Joga-Orílé, kódà láti Ìlárá. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tó wù ú lọ́kàn, ó di ọjọ́ Sátidé. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ náà, á kó sípánà sínú àpò, á wọ mọ́tò lọ sí Ìpókíá, á gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté tí odò Yewa ti ń ya wọ inú ọ̀sà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi Tíṣà wà.

Tíṣà tí à ń wí yìí, Alfred Oyèkúnlé lorúkọ rẹ̀. Ó kọ́ ọmọ ní ilé ìwé ìjọ fún ọdún márùndínlógójì, ipò ọ̀gá àgbà ló sì ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ilé alájà, ọkọ̀ ojú omi ni òun rà. Ó ní ojú òun ti rí i rí. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, wọ́n gbé e lọ kọ́ni ní òdìkejì ọ̀sà, ọdún mẹ́ta gbáko ló sì fi ń wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í gbẹ kó tó dé kíláàsì. Nísinsìnyí, tíṣà mẹ́jọ ló ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ láràárọ̀ lọ sí ilé ìwé òdìkejì, tí wọ́n ń bá a padà lọ́sàn-án. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ọmọ́délé, ni ó ń wa ọkọ̀ náà.

Omi ọ̀sà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ń fà mu kí ara rẹ̀ lè tutù. Pọ́ǹpù á fà á wọlé, omi á yí inú ẹ́ńjìnnì ká, á sì gba ẹnu páìpù kékeré kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Nígbà òjò, kò sí wàhálà. Odò Yewa á kún, á ti omi òkun padà, gbogbo omi ọ̀sà á sì dùn, kò ní níyọ̀ nínú. Àmọ́ tí ẹ̀rùn bá dé, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gòkè bọ̀. Iyọ̀ tó bá sì sùn sínú ẹ́ńjìnnì, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́, bí ikán ṣe ń jẹ pákó: ìta á máa dán, inú á ti di ihò. Nítorí náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ẹ̀rùn, dandan ni kí wọ́n fi omi tó dùn fọ inú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kan ti kú mọ́ Tíṣà lọ́wọ́ rí kó tó mọ Husain. Mẹ́káníìkì tó ń bá a ṣe é nígbà náà á ní òun ti fọ̀ ọ́, kò sì fọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́, àárín ọ̀sà ló dákẹ́ sí, pẹ̀lú èèyàn mẹ́jọ nínú ọkọ̀, atẹ́gùn sì ń gbé wọn lọ síbi tí wọn kò mọ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn apẹja. Nígbà tí Husain wá gba iṣẹ́, Tíṣà jókòó sọ̀rọ̀ fún un bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì kìíní wí: "Husain, kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í bàjẹ́. Bó bá bàjẹ́, a ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa irọ́ fún mi lórí ẹ́ńjìnnì yìí, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé. Ṣé o gbọ́?" Husain ní òun gbọ́.

Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyí. Á dí ibi tí omi ọ̀sà ń gbà wọlé, á yọ rọ́bà tó ń bọ́ pọ́ǹpù, á ki ẹnu rọ́bà náà bọ dúrọ́ọ̀mù tí Ọmọ́délé ti pọn omi kànga èbúté kún, wọ́n á sì tan ẹ́ńjìnnì kó máa rọra ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì á máa mu omi dúrọ́ọ̀mù, á sì máa tu omi iyọ̀ inú rẹ̀ dà nù. Dúrọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ gbẹ, torí pọ́ǹpù tó bá ń fa afẹ́fẹ́ lásán, rọ́bà tó ń yí nínú rẹ̀ á jó. Ìgbà wo la ó wá mọ̀ pé inú ẹ́ńjìnnì ti mọ́? Ibẹ̀ ni ahọ́n ti wọ̀ ọ́.

Husain á ki ìka bọ omi tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á fi kan ahọ́n, á dijú. "Ó kù," á ní. Á dúró díẹ̀, á tún tọ́ ọ wò. "Ó kù." Ìgbà tó bá tó gẹ́lẹ́ ni yóò tó lajú: "Ó ti tán." Ó tún ní òfin kan: omi tí ẹ́ńjìnnì máa mu, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu ún. Ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ dá sí i. Nígbà kan tí Ọmọ́délé na ìka, gbì! Husain gbá a lọ́wọ́. "Ahọ́n mélòó ni ẹ́ńjìnnì kan fẹ́ ní? Ìwọ tó ń fa sìgá bí ààrò!" Ọmọ́délé rẹ́rìn-ín, kò sì na ìka mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ahọ́n yìí kan náà ni ìyàwó rẹ̀, Mùínátù, fi ọgbọ̀n ọdún jìyà rẹ̀ nílé. Kò sí ọbẹ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn rí. Bí Mùínátù bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, òkèlè kan péré, Husain á gbórí sókè: "Ìyá Afeezat, iyọ̀ ọbẹ̀ yìí kò tó." Lọ́jọ́ kejì: "Ìyá Afeezat, ṣé o fẹ́ fi iyọ̀ pa mí ni?" Afeezat ọmọ wọn mọ ọ́n sínjẹ dáadáa, títí tó fi lọ sílé ọkọ. Mùínátù á pòṣé, á ní kí ó lọ fẹ́ ọlọ́tẹ́ẹ̀lì. Ìjà yìí ti di ara wọn. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ wọn, n kò mọ ohun tí wọn ì bá máa bá ara wọn sọ.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni ibà kan dá Husain wó, ibà àti ọ̀fìnkìn. Ó sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó dìde tí Mùínátù gbé ẹ̀bà ka iwájú rẹ̀, ó bu òkèlè, ó gbé e mì, kò gbọ́ adùn kankan. Ó tún bu òmíràn. Bí ẹni ń jẹ òwú ni. Ó dúró kí Mùínátù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó yọ́ wọ ilé ìdáná, ó bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Iyẹ̀pẹ̀ pọ́nńbélé. Ata ṣì ń ta á, torí náà ó ń mí "ṣíṣà ṣíṣà" nídìí oúnjẹ, kò sẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n iyọ̀, kíkorò, dídùn, gbogbo wọn ti lọ.

Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù ọbẹ̀, ẹ̀rù ọjọ́ Sátidé ni. Nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ti tún ṣe láyé rẹ̀, èyí nìkan ló máa ń dágbére fún tó bá fẹ́ lọ. Tó bá sọ fún Tíṣà pé ahọ́n òun ti kú, ta ló máa gbé ẹ́ńjìnnì fún mẹ́káníìkì tí kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí omi òjò? Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé adùn yóò padà wá láìpẹ́. Ó ń mu àgbo, ó ń mu oògùn, ó ń dákẹ́. Mùínátù ní tirẹ̀ rí i pé ọkọ òun ń jẹun tán láìsọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kejì. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí kọrin nídìí ààrò. Ó pe Afeezat lórí fóònù: "Afeezat, bàbá rẹ ti gbà fún mi o! Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún!" Husain gbọ́ ọ láti pálọ̀, ojú tì í.

Lọ́dún náà sì rèé, òjò ti tètè dáwọ́ dúró, iyọ̀ sì ti gòkè kíákíá. Kì í ṣe ọ̀sà nìkan ló gbà, ó ti wọ inú kànga èbúté. Kò sẹ́ni tó mọ̀, àbí ta ló ń mu omi kànga níbi tí píọ́ wọ́tà wà? Husain nìkan ló máa ń tọ́ ọ wò. Ọmọ́délé á pọn ọ́n, á béèrè pé, "Bàbá, ṣé ó dára?" Husain á bu díẹ̀ mu, á dijú bó ṣe máa ń dijú, á ní ó dára. Sátidé mẹ́ta gbáko ló fi ń fi omi iyọ̀ fọ iyọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọmọ́délé ní ẹ́ńjìnnì ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Husain ní koríko omi ló ń dí ẹnu páìpù. Ó fa koríko díẹ̀ jáde lóòótọ́, ó sì fi han gbogbo ayé. Àmọ́ nínú mọ́tò nígbà tó ń padà sílé, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń rí àwọn tíṣà mẹ́jọ ní àárín ọ̀sà.

Sátidé kẹrin, Mùínátù ní òun máa bá a lọ. Òun fẹ́ ra ẹja, òun sì fẹ́ rí ẹ́ńjìnnì tó ń bá òun du ọkọ. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti gbà pé ó mọ iyọ̀ fi sọ́bẹ̀, ibo ló tún kù tí kò lè bá a dé? Wọ́n dé èbúté, wọ́n bá Tíṣà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú agbòjò rẹ̀, ó wá wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná. Dúrọ́ọ̀mù ti kún. Ọmọ́délé béèrè pé ṣé ó dára. Husain bu omi, ó mu ún, ó dijú.

"Ó dùn bí oyin," ó ní. Ẹ ò rí i? Irọ́ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Mùínátù gbọ́ "oyin" yìí. Ó ti di gààrí àti ẹ̀pà wá láti ilé, oòrùn sì ti ń mú. Ó bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù náà, ó fi po gààrí sí abọ́ mẹ́ta. Ó gbé ti ọkọ rẹ̀ fún un, ó kúnlẹ̀ gbé ti Tíṣà fún Tíṣà. Husain bẹ̀rẹ̀ sí mu tirẹ̀, ó ń ju ẹ̀pà sẹ́nu, ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Tíṣà mu ẹ̀kún ṣíbí kan, ojú rẹ̀ le koko. Ọmọlúàbí èèyàn ni, ìyàwó oníyàwó ló po gààrí fún un. Ó gbé e mì, ó sì rọra gbé abọ́ kalẹ̀. Ìgbà náà ni Mùínátù gbé tirẹ̀ sẹ́nu.

"Súbúhánàlláhì!" Ó tu ú dà nù. "Omi iyọ̀ ni! Ta ló fún wa lómi iyọ̀?"

Gbogbo wọn wo dúrọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn wo Husain, tó fẹ́ẹ̀ mu gààrí tirẹ̀ tán.

"Husain," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá, "báwo ni gààrí yẹn ṣe rí lẹ́nu rẹ?"

Irọ́ mẹ́ta ló wà létè Husain. Ó lè ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe òun. Ó lè ní òun ò fiyè sí i. Ó lè dá Ọmọ́délé lẹ́bi. Ó bojú wo ẹ́ńjìnnì, ó rántí àwọn èèyàn mẹ́jọ, ó sì gbé abọ́ kalẹ̀.

"Tíṣà, mi ò mọ bó ṣe rí. Ahọ́n mi ti kú. Láti ìgbà tí mo ti dìde ibà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń ní omi dùn, tí mi ò mọ bóyá ó dùn. Mo pa irọ́ fún yín, sà."

Mùínátù ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Gbogbo ọbẹ̀ tí ẹ ń jẹ, tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Mi ò mọ bó ṣe rí."

"Èmi tí mò ń kọrin! Èmi tí mo pe Afeezat!" Ó káwọ́ lérí, ẹ̀rín ń bọ̀, ẹkún ń bọ̀, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbà. "Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, Bàbá Afeezat! Ṣé ọ̀tá yín ni mí ni?"

Tíṣà dìde, ó rìn lọ sétí omi, ó rìn padà. "Nígbà tí o gba iṣẹ́ yìí, kí ni mo wí fún ọ?"

"Ẹ ní ẹni tó bá pa irọ́ fún yín lórí ẹ́ńjìnnì yìí..." Husain sorí kọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta dúró bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Tú u," ni Tíṣà wí. "Kí a wo ohun tí irọ́ rẹ ti jẹ níbẹ̀."

Husain tú bóòtù ìdérí ibi tí omi ń gbà kọjá. Nígbà tó ṣí i, iyọ̀ ti dì mọ́ ibẹ̀ funfun, bí èèpá ìdí ìkòkò. Ó fi pákó pẹlẹbẹ rọra họ ọ́, ó fi àkísà nù ún, ó tẹjú mọ́ irin abẹ́ rẹ̀. Ó ti ń ṣe págunpàgun díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lu. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó le. Ìgbà náà ni ó tó mí.

"Kò tíì jẹ ẹ́ lu, sà. Ó kù díẹ̀ ni." Ó nu ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi omi gidi fọ̀ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, màá kó irinṣẹ́ mi lọ."

Tíṣà fi orí ṣe àmì sí Ọmọ́délé. Ọmọ́délé kó kẹ́ẹ̀gì, ó gun ọ̀kadà lọ bu omi bọ́ọ̀hòò ní Ìpókíá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló lọ tó bọ̀. Wọ́n da omi kànga nù, wọ́n fọ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n da tuntun sí i, wọ́n sì tan ẹ́ńjìnnì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìka Husain ti na síbẹ̀ kó tó rántí. Ó fà á padà.

Ta ni yóò wá tọ́ ọ wò? Ọmọ́délé wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí sìgá ti pọ́n. Tíṣà ní kí wọ́n má wo òun, òun ṣì ń gbé gààrí mì. Ni Mùínátù bá ká etí ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó na ìka. Ó fi kan ahọ́n.

"Ó kù."

Wọ́n dúró. "Ó kù." Kẹ́ẹ̀gì kan tún wọlé. Ọmọ́délé ní ó ti yẹ kó mọ́ báyìí. Mùínátù tọ́ ọ wò, ó mi orí. "Ó kù, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ni."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni Husain béèrè.

Mùínátù yíjú wò ó. "Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi kọ́ mi. Ẹyọ iyọ̀ kan tó bá bọ́ sódò, mo máa mọ̀."

Husain tẹ orí mọ́ pọ́ǹpù bí ẹni ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó tún da kẹ́ẹ̀gì méjì sí i. Ó wá pẹ́ díẹ̀, Mùínátù fi ìka kan ahọ́n, ó dúró, ó tún tọ́ ọ wò.

"Ó ti tán," ó ní.

Wọ́n dá rọ́bà padà sáyè rẹ̀, wọ́n ti ọkọ̀ sórí omi, Ọmọ́délé wà á lọ títí dé ọ̀gangan igi tí àwọn apẹja rì mọ́ inú omi, ó wà á padà. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn kò kúrò níbi tó yẹ kó wà. Husain bẹ̀rẹ̀ sí kó sípánà rẹ̀ sínú àpò, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò kánjú rárá. Ó fọwọ́ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó dágbére fún un.

"Níbo lò ń kó ìyẹn lọ?" ni Tíṣà bi í.

"Òfin yín ni, sà."

"Òfin mi kò yí padà. Ẹni tó bá pa irọ́ fún mi kò ní fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mi mọ́." Tíṣà ṣí agbòjò rẹ̀. "Ta ló pa irọ́? Ahọ́n rẹ ni. Mo ti lé ahọ́n rẹ kúrò níṣẹ́ lónìí, kó má ṣe dé ibí mọ́. Ọwọ́ rẹ kò ṣẹ̀ mí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ọwọ́ rẹ wá, kí ahọ́n Ìyá Afeezat sì bá a wá. Ìyá Afeezat, ṣé ẹ gbà?"

"Bí ẹ bá ti lè máa fún mi ní ẹja," ni Mùínátù dáhùn. Ọmọ́délé bú sẹ́rìn-ín. Husain dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn èbúté, Tíṣà sì ní kó dìde, kó má fi aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ fọ̀ nu ilẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó délé. Mùínátù kò sinmi, ẹja tútù ni, kò ṣeé fi sílẹ̀. Ó dá iná, ó gé ẹja, ó se ọbẹ̀, ó rokà, ó ń rò fún Afeezat lórí fóònù bí bàbá rẹ̀ ṣe mu gààrí oníyọ̀ tí kò mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó wá gbé oúnjẹ ka iwájú ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sídìí ààrò bó ṣe máa ń ṣe. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wò ó.

Husain bu òkèlè, ó tì í bọ ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ata ta á, ẹja rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò gbọ́ adùn kankan. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ ohun tí obìnrin náà ń dúró dè. Ó gbórí sókè.

"Ìyá Afeezat," ó ní, "iyọ̀ ọbẹ̀ yìí kò tó."

Mùínátù pòṣé tó dún délé kejì. "Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀! Ahọ́n tí wọ́n lé níṣẹ́ lónìí!" Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń tàn. Ó na ọwọ́ sínú àwo ọkọ rẹ̀, ó bu ọbẹ̀ díẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó sì gbé agolo iyọ̀ jáde.